Iṣẹ́ Tí A Kò Pète, Ọ̀nà Tí Ọlọ́run Là

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ti ààwẹ̀, kì í sì í ṣe ti hájì. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ òòjọ́ ni, nítorí pé ó ń jẹ àwọn ọ̀dọ́ wa lọ́kàn, ó sì ń jẹ àwọn òbí wọn lọ́kàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ṣọ̀wọ́n kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan má wá bá mi lẹ́yìn ìrun níhìn-ín ní Kétu, kí ó wí pé, "Àáfà, mo ti parí Ìdáádì, mo ti parí Sánáwì. Bàbá mi pa màlúù nígbà tí mo ṣe wòlímá, gbogbo àdúgbò jẹ, wọ́n mu. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, n kò rí iṣẹ́ tó bá ìwé mi mu." Òmíràn yóò ní òun ti gba fọ́ọ̀mù yunifásítì lẹ́ẹ̀mejì, wọn kò gba òun wọlé. Òmíràn ti ń ṣe iṣẹ́, ó ń wa kẹ̀kẹ́ Màrúwá láti Kétu sí Alápẹ́rẹ̀, tàbí kí ó máa já ẹrù ní Mile 12, ṣùgbọ́n bí ó bá rí ẹni tí wọ́n jọ ka kéwú, yóò fi fìlà bojú. Lójú tirẹ̀, gbogbo ọdún tó fi jókòó ti olùkọ́ ti ṣòfò.

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní rírò ni ti ènìyàn, ṣíṣe ni ti Ọlọ́run Ọba. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, a sì máa ń pa á fún ẹni tí nǹkan bà jẹ́ mọ́ lọ́wọ́, láti fi tù ú nínú. Èmi kò fẹ́ fi tu ẹnikẹ́ni nínú lónìí. Mo fẹ́ kí a gbà á gẹ́gẹ́ bí òtítọ́ tí a lè fi ṣe iṣẹ́. Iṣẹ́ tó bá gba ọ̀nà tí a kò là sílẹ̀ wá bá wa kì í ṣe ìjìyà, kì í sì í ṣe àjẹkù. Bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ haláàlì, tí a sì fi àmánà ṣe é, ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni Ọlọ́run ti fẹ́ fi hàn wá ohun tí ìmọ̀ wa wà fún. Kì í ṣe inú ìwé nìkan ni mo ti rí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti wà ní ọjà Mile 12.

Ọmọ Ìwó ni mí, ọmọ àáfà. Ilé-kéwú bàbá mi wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé wa, orí wàláà ni mo sì ti mọ hárúfù kí n tó mọ A, B, D. Mo dé kíláàsì kẹta ní ilé-ìwé girama kí bàbá mi tó ní kí n wá gbájú mọ́ Lárúbáwá. Mo ka Ìdáádì, mo ka Sánáwì, mo sì parí ní ọdún 1991. Nígbà náà, òkè òkun ni ọkàn gbogbo wa wà. Ẹni tí kò bá sọ pé Al-Azhar ní ìlú Káírò ni òun ń lọ, yóò sọ pé Yunifásítì Ìsìláàmù ti Mọ̀dínà ni. Bí ó bá sì padà dé, yóò dá ilé-kéwú tirẹ̀ sílẹ̀, bí Sheikh Adam Abdullahi Al-Ilori ti dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1952, tó sì gbé e wá sí Agége ní ọdún 1955. Iṣẹ́ ńlá ni Sheikh náà ṣe. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àti akẹ́kọ̀ọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ló tàn ká ilẹ̀ Yorùbá. Nítorí náà, ọ̀nà méjì péré ni àwa ọmọ kéwú ìgbà yẹn rí níwájú: kí a kọjá òkun, tàbí kí a di onílé-kéwú.

Ní ọdún 1992, ọdún tí Sheikh Adam jáde láyé, ni bàbá tèmi náà kú. Owó tí ó ti ń tọ́jú fún ìrìnàjò mi ni a ná sórí àìsàn rẹ̀, ìyókù sì di owó oúnjẹ àwọn àbúrò mi mẹ́rin. Kò sí ẹni tó ṣẹ̀ mí, kò sì sí ẹni tí ẹ̀bi náà tọ́ sí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, tó ń ta àlùbọ́sà ní Mile 12, ló ní kí n wá bá òun gbé ní Kétu fún oṣù mẹ́ta, títí ọ̀nà yóò fi là.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé ọjà yìí fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi òkúta máìlì ka ọ̀nà láti Èkó lọ sí Ìkòròdú ni orúkọ Mile 12 ti wá. Ó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́, lẹ́bàá Kétu àti Ìkòsì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ orúkọ rẹ̀ nítorí bọ́ọ̀sì BRT tó bẹ̀rẹ̀ sí ná ibẹ̀ sí CMS ní ọdún 2008, ṣùgbọ́n oúnjẹ ló sọ ọ́ di ọjà ńlá. Tòmátì, tàtàṣé, rodo àti ṣọ̀ḿbọ̀ ń ti Kánò, Kàdúná, Kàtsínà àti Gòmbè wá. Àlùbọ́sà ń ti Sókótó àti Kébbí wá. Iṣu ń ti ìpínlẹ̀ Benue wá. Àìmọye ilé ní Èkó ló ń se ọbẹ̀ lálaalẹ́ tí ata rẹ̀ ti Mile 12 kọjá, bí ẹni tó ń sè é kò tilẹ̀ dé ibẹ̀ rí.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún mi kò gba ìwé. Kí n dúró lẹ́yìn ọkọ̀ ọ̀gá Hausa kan tó ń gba tòmátì, kí n máa ka agbọ̀n bí àwọn aláàrù ti ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí n máa fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sára páálí. Ìwé ẹ̀rí Sánáwì mi wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọkọ̀ kan dé láti Kádáwà ní ìpínlẹ̀ Kánò, awakọ̀ sì mú ìwé ẹrù jáde. Ìwé náà kì í ṣe èdè Gẹ̀ẹ́sì. Èdè Hausa ni, ṣùgbọ́n hárúfù Lárúbáwá ni wọ́n fi kọ ọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní àjàmí, irú èyí tí àwọn àáfà wa àtijọ́ náà fi kọ èdè Yorùbá. Ọmọ tó máa ń kà á fún Alhaji ti lọ sílé fún Iléyá. Ọ̀gá náà kò mọ̀wé kà, tòmátì kò sì ń dúró de ẹnikẹ́ni.

Mo gba ìwé náà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe hárúfù rẹ̀ jáde. N kò gbọ́ Hausa nígbà náà, mo kàn ń pè é bí mo ti rí i ni. Alhaji náà ń gbọ́ ohun tí mo ń pè, ó ń mi orí, ó ń wí pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni: agbọ̀n mélòó jẹ́ ti lágbájá, mélòó jẹ́ ti làkásègbè, èwo ni wọ́n so aṣọ pupa mọ́, èwo ni wọ́n fi ọ̀dà sí. Èmi tí mo ń kà á kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, òun tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀ kò lè kà á. Láàárín àwa méjèèjì ni iṣẹ́ ti parí kí oòrùn tó mú. Ní ọjọ́ kejì, ó ra ìwé àkọsílẹ̀ tuntun fún mi, ó ní kí n fi páálí sílẹ̀. Bí mo ti di akọ̀wé ọjà nìyẹn, mo sì ń kọ́ Hausa díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu àwọn tí mo ń kọ̀wé fún.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n sọ bí òwò yìí ti rí, nítorí pé inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn wà. Àgbẹ̀ kan ní Kánò yóò ká tòmátì rẹ̀, yóò dì í sínú agbọ̀n, yóò fi àmì tirẹ̀ sí i, yóò sì kó o sínú ọkọ̀ pẹ̀lú ti àwọn mìíràn. Ọkọ̀ yóò rin nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kìlómítà. Bí ọ̀nà bá bàjẹ́ tàbí táyà bá bẹ́, apá kan nínú ẹrù yóò ti rà kó tó dé. Àgbẹ̀ náà kò mọ iye tí wọn yóò tà á, nítorí pé iye òwúrọ̀ kì í ṣe iye ọ̀sán. Alágbàtà tó wà ní Mile 12 ni yóò tà á, yóò yọ owó ọkọ̀, yóò yọ owó iṣẹ́ tirẹ̀, yóò sì fi ìyókù ránṣẹ́. Ohun tí ó bá ní òun tà á ni àgbẹ̀ yóò gbà gbọ́. Ohun tó wà láàárín àwọn méjèèjì kò ju ìwé kan àti ìbẹ̀rù Ọlọ́run lọ.

Èyí gan-an ni àmánà. Láti kékeré ni mo ti mọ ọ̀rọ̀ náà sórí. Mo mọ súrà kẹtàlélọ́gọ́rin nínú Alùkùráánì, èyí tí wọ́n fi àwọn tó ń dín òṣùwọ̀n kù sọ orúkọ rẹ̀, mo sì lè ṣe ìtumọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n ní Mile 12 ni mo ti rí ẹni tí súrà náà ń bá wí lójúkojú, tí mo sì rí ẹni tí ó ń dáàbò bò: ọkùnrin kan tó wà ní ọ̀nà jíjìn, tí n kò rí rí, tí owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ wà ní ẹnu pẹ́ńsùlù mi.

Ọdún 2016 ni ọdún tí ìwé náà di ohun tí mo fi ń gba àdúà. Ní oṣù kẹta ọdún náà, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Mile 12 láàárín àwọn Hausa àti àwọn Yorùbá. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sì ti ọjà náà pa. Kí ìjà tó dé, Yorùbá ti gba ẹrù Hausa láwìn, Hausa sì ti gba owó Yorùbá sílẹ̀ de ẹrù tí kò tí ì dé. Nígbà tí ọjà ṣí padà, inú kò tí ì rọ̀, olúkúlùkù ń ka ohun tí wọ́n jẹ ẹ́, kò sì ka ohun tí òun jẹ. Àwọn àgbà ọjà ní kí wọ́n lọ gbé ìwé Àáfà wá. Mo jókòó sórí agbọ̀n, mo ka ti Hausa ní àjàmí, mo ka ti Yorùbá ní Yorùbá, láti òwúrọ̀ títí di ìgbà tí làdánì pe ìrun ọ̀sán. Kò sí ẹnìkan tó jiyàn sí iye kan ṣoṣo. Àwọn kan san lójú ẹsẹ̀, àwọn kan dá ọjọ́, a sì jọ lọ tò sẹ́yìn Lèmọ́mù. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀kan nínú hárúfù méjèèjì ni mo mọ̀, ìdajì ọjà ni kò bá gbà mí gbọ́. Ní ọjọ́ náà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ọ̀nà tó gbé mi gbà.

Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà, kòkòrò kan wọ oko tòmátì ní Kàdúná àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn lókè Ọya. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Tuta absoluta, àwọn ará ọjà sì sọ ọ́ ní Èbólà tòmátì. Ìjọba Kàdúná kéde pé ọ̀rọ̀ náà ti di pàjáwìrì. Tòmátì wọ́n, iye rẹ̀ sì ń gun òkè láti wákàtí dé wákàtí. Àsìkò náà ni alágbàtà kan tí mo ń kọ̀wé fún, ẹni tí n kò ní dárúkọ, wá ní kí n kọ iye tó dín sí iye tí òun tà, kí èlé ibẹ̀ jẹ́ ti òun. Ó ní, "Àáfà, ta ni yóò mọ̀?" Mo pa ìwé dé, mo fi lé e lọ́wọ́, mo kí i, mo sì lọ sílé. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni n kò fi rí owó iṣẹ́ kankan. Ẹ̀kọ tí ìyá àwọn ọmọ mi ń tà ni a jẹ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, alágbàtà mẹ́ta, Yorùbá méjì àti Hausa kan, wá bá mi nílé lẹ́yìn Ìṣáì. Wọ́n ní ẹni tó pa ìwé dé ni àwọn ń wá. Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ mi ti di ìlọ́po mẹ́ta.

Ẹ ó sì rántí pé ní ìparí oṣù kejì ọdún 2021, lẹ́yìn rògbòdìyàn ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn, àwọn tó ń kó oúnjẹ wá láti òkè Ọya dáwọ́ dúró fún ọjọ́ mélòó kan. Mile 12 gbẹ. Àwọn aláàrù tó ń fi òógùn òòjọ́ jẹun jókòó láìrí agbọ̀n kan gbé. Ìgbà náà ni mo rí i pé kì í ṣe tòmátì nìkan ni ọkọ̀ wọ̀nyẹn ń gbé. Ìfọkàntán àárín ènìyàn àti ènìyàn ni wọ́n ń gbé pẹ̀lú.

Lónìí, fóònù ti wọ inú òwò náà. Wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ láti báńkì sí báńkì, ìwé àjàmí sì ń dé bá mi bí fọ́tò lórí fóònù kí ọkọ̀ tó dé. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò kọ òtítọ́ sínú ìwé ṣì ni wọ́n ń wá.

Ohun kejì tí ọjà náà fún mi ni kíláàsì. Láàárín Alásárì sí Mọ̀gáríbì, lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti tú ẹrù tán, mo máa ń tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí ọjà. Àwọn aláàrù ló kọ́kọ́ ń wá, lẹ́yìn náà àwọn tó ń ta ata, lẹ́yìn náà àwọn awakọ̀. Ọkùnrin tó ti pé ogójì ọdún yóò jókòó, yóò máa fi ìka tó ti le bí igi tọ́ka sí álífù. Bí mo bá ti dá ilé-kéwú sílẹ̀ bí mo ti pète, ọmọ ẹni tó lè sanwó ni n bá máa kọ́. Àwọn wọ̀nyí kò ní ẹni tí yóò kọ́ wọn. Ní ọjọ́ kan tí mo ṣe wáásí lórí òṣùwọ̀n, ìyá kan tó ń ta èwà gbé kóńgò rẹ̀ wá, èyí tí wọ́n ti tẹ ìdí rẹ̀ wọnú kí ó lè gba díẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Ó dojú kóńgò dé ilẹ̀, ó wá òkúta, ó fi lu ìdí rẹ̀ títí ó fi tẹ́jú, ó sì gbé e padà sí ìdí ọjà rẹ̀. N kò mọ wáásí tí mo lè ṣe lórí àga gíga kan tí yóò dùn mọ́ mi ju ìró òkúta náà lọ.

Kì í ṣe ìran tiwa nìkan ni irú nǹkan báyìí ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹ wo olóògbé Alhaji Abdul-Azeez Arísẹ́kọ́lá Àlàó, ọmọ Ìbàdàn, tí wọ́n bí ní ọdún 1945. Ó yege nínú ìdánwò àtiwọ ilé-ìwé girama, ṣùgbọ́n owó kò sí nílé láti fi rán an lọ. Bí ó ti wọ inú òwò nìyẹn, ó ń ta Gammalin, oògùn tí àwọn àgbẹ̀ fi ń pa kòkòrò ara kòkó. Òwò náà gbòòrò, ó sì di Ààrẹ Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ní ọdún 1980, ipò tó dì mú títí ó fi jáde láyé ní ọdún 2014. Ẹ má ṣe wo owó rẹ̀ nìkan, nítorí pé Ọlọ́run kò ṣèlérí ọrọ̀ fún gbogbo oníṣòwò. Ẹ wo ọmọ tí ilẹ̀kùn ilé-ìwé tì mọ́, tí ilẹ̀kùn ọjà sì gbà á lọ síbi tí yóò ti wúlò fún ẹ̀sìn rẹ̀.

Ẹ tún wo Imam Abu Hanifa, tí wọ́n bí ní ọdún 699 ní ìlú Kúfà ní ilẹ̀ Ìráàkì, tó sì kú ní Bàgídáádì ní ọdún 767. Oníṣòwò aṣọ ni. Ìtàn sọ pé onímọ̀ ńlá kan, Ash-Sha'bi, ló rí i lójú ọ̀nà nígbà èwe rẹ̀, tó sì gbà á níyànjú pé kí ó wá jókòó ti àwọn olùkọ́, nítorí pé ó rí làákàyè lára rẹ̀. Ó wá ìmọ̀ lọ, ó sì di ẹni tí àìmọye Mùsùlùmí ayé ń tẹ̀ lé títí di òní. Ṣùgbọ́n kò pa ìṣọ̀ rẹ̀ tì. Owó aṣọ yẹn ló jẹ́ kí ó lè kọ̀ fún àwọn aláṣẹ nígbà tí wọ́n fẹ́ fi oyè adájọ́ dè é mọ́lẹ̀. Wọ́n tún sọ pé ẹnìkejì rẹ̀ nínú òwò, Hafs, ta aṣọ tó ní àbùkù láìsọ àbùkù náà fún ẹni tó rà á. Nígbà tí Imam gbọ́, tí wọn kò sì mọ ẹni tó rà á mọ́, gbogbo owó ọjà náà ló fi ṣe sàráà.

Bí mo bá sì ń bá àwọn ọmọ kíláàsì mi ṣe àwàdà, mo máa ń sọ fún wọn pé Mile 12 ni a wà, súrà kejìlá sì ni ti Ànábì Yúsúfù. Kò sí ọ̀kan nínú ohun tó gbé Yúsúfù dé ibi gíga tí ó pète fúnra rẹ̀. Inú kànga kọ́ ni ó fẹ́ wà, oko ẹrú kọ́ ni ó fẹ́ lọ, ẹ̀wọ̀n kọ́ ni ó yàn. Nígbà tí àkókò tó, iṣẹ́ wo ni ó béèrè lọ́wọ́ ọba? Kí wọ́n fi òun ṣe alábòójútó àwọn ilé ìṣúra ilẹ̀ náà, kí ó lè tọ́jú oúnjẹ de ìgbà ìyàn. Ìwà tó mú wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n ló mú jáde síbi àká.

Ẹ má ṣe rò pé oyin ni gbogbo rẹ̀. Ní ìgbà òjò, ẹrẹ̀ Mile 12 a máa dé orúnkún. Iṣẹ́ mi kò ní owó ìfẹ̀yìntì. Àwọn kan tí a jọ ka Sánáwì dé Mọ̀dínà, wọ́n ń pè wọ́n ní Dókítà lónìí. Bí wọ́n bá wá ṣe wáásí ní Kòsọ́fẹ́, èmi ni mo máa ń tẹ́ ẹní fún wọn, inú mi sì máa ń dùn. Bákan náà, n kò sọ pé kí ọ̀dọ́ jókòó sójú kan, kí ó ní Ọlọ́run ló fi òun síbẹ̀. Bí ilẹ̀kùn ìwé bá ṣí, kí ó wọlé kíákíá.

Kì í sì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ni mo ń yìn. Ohun tó mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni pé mo ń rí ọ̀dọ́ àáfà tí ojú ń tì láti gbé agbọ̀n, ṣùgbọ́n tí ojú kò tì í láti sọ fún opó pé òun rí ọ̀tá rẹ̀ lójú àlá, kí ó mú owó wá. Mo ń rí ẹni tó fi Alùkùráánì bojú, tó ń ṣe oògùn owó fún àwọn ọmọ tó ń lu jìbìtì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ rẹ̀ ṣòfò ní tòótọ́. Aláàrù tó fi òógùn ojú rẹ̀ ra búrẹ́dì fún ọmọ rẹ̀ sàn jù ú lọ, nítorí pé gbogbo wa la gbọ́ nínú hádíìsì pé Ànábì Dáwúdà, ọba ni, síbẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó ń jẹ.

Nítorí náà, ìwọ ọ̀dọ́ tí iṣẹ́ tí o kò pète bá dé bá, bi ara rẹ ní ìbéèrè mẹ́ta. Èkíní, ṣé haláàlì ni? Èkejì, ṣé mo lè ṣe é kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ má pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀? Ẹ̀kẹta, apá wo nínú ohun tí mo kọ́ ni ó ṣàìní níbí? Bí o bá rí ìdáhùn sí ẹ̀kẹta yìí, ìtìjú yóò tán. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe sọ fún ọmọ pé ó dójú tì yín nítorí pé ó ń ta ata. Ẹ bi í bí ó ti ń tà á. Ẹ̀yin onílé-kéwú, ẹ jẹ́ kí ìṣírò, èdè Gẹ̀ẹ́sì àti iṣẹ́ ọwọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lárúbáwá, kí ọmọ má bàa jáde pẹ̀lú ọ̀nà méjì péré níwájú bíi tiwa. Ẹ̀yin tí Ọlọ́run fún ní òwò, bí ẹ bá ń wá ẹni tí yóò kọ̀wé tàbí tí yóò ṣọ́ ẹrù, ẹ wo àwọn ọmọ kéwú wọ̀nyí, kí ẹ sì fún wọn ní owó iṣẹ́ wọn kí òógùn wọn tó gbẹ.

Kí Ọlọ́run Ọba Alágbára là wá ní ọ̀nà tó dára ju èyí tí a pète lọ. Kí ó fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ wa, kí ó má sì jẹ́ kí á jẹ ẹ̀tọ́ ẹni tí kò sí níbẹ̀. Àmín, láṣẹ Ọlọ́run. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.